Ẹ̀yìnkùlé Tí N Kò Dé

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fọ́ọ̀mù iṣẹ́ kan ní ìjọba ìbílẹ̀. Ó ní iṣẹ́ náà ni kí àwọn máa lọ sí ilé àwọn èèyàn, kí wọ́n máa wò ó bóyá wọ́n yẹ fún ìrànlọ́wọ́ tàbí wọn kò yẹ. Ó bi mí bóyá irú iṣẹ́ tí mo ṣe nígbà èwe mi nìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún bi mí bóyá iṣẹ́ náà dára. N kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Ìdáhùn mi nìyí, fún òun àti fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ óò ṣe. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé tí mo bá fẹnu sọ ọ́, mo mọ ibi tí mo máa fò kọjá.

Wúràọlá ni orúkọ mi. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Káńsù ń wá obìnrin tó mọ ìwé kọ, tó sì lè gun kẹ̀kẹ́, àwa obìnrin tí a lè gun kẹ̀kẹ́ kò sì pọ̀ nígbà náà. Ọdún tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ìwé ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ ni wọ́n gbà mí. Owó oṣù náà tó mi í jẹ, ọ̀rọ̀ tán lórí ìyẹn.

Iṣẹ́ tí à ń ṣe nìyí. Mílíìkì oníyẹ̀fun ń ti òkè òkun wá, pẹ̀lú òróró ẹja nínú ìgò. Wọ́n ń kó wọn sí ilé oògùn káńsù kí wọ́n lè fi tọ́jú àwọn ọmọ tí ara wọn ti gbẹ. Kò lè kárí gbogbo ọmọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe káàdì pupa. Ìyá tó bá ní káàdì pupa á máa gba mílíìkì àti òróró ẹja ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, wọn á sì tọ́jú ọmọ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ tí ara rẹ̀ kò bá yá. Ìyá tí kò bá ní in á sanwó. Àwa ni a ń lọ láti abà dé abà ní agbègbè Ẹ̀gbẹ́dá àti Lágelú láti mọ ẹni tó yẹ. Òfin tí wọ́n kọ lé wa lọ́wọ́ kò gùn. Ọmọ náà kò gbọdọ̀ tíì tó ilé ìwé lọ. Ilé tí wọ́n fi páànù bò kò yẹ. Ilé tí kẹ̀kẹ́ wà kò yẹ. Ẹni tí kòkó rẹ̀ ṣì ń so kò yẹ.

Bí ẹ bá fara balẹ̀ wo òfin yẹn, ẹ óò rí ibi tó ti lè ṣini lọ́nà. Ọ̀gá mi rí i. Èmi kò rí i, tàbí kí n sọ pé n kò wò ó.

Olújìdé ni ọ̀gá mi ń jẹ́, ọmọ Lálúpọn. Ọkùnrin gíga kan tó gbẹ, Aládùúrà ni, kì í rẹ́rìn-ín tó bá ti gbé fáìlì dání. Kí a tó kúrò ní ọ́fíìsì láàárọ̀, á bọ́ bàtà rẹ̀, á gbàdúrà ṣókí pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a gba ohun tó tọ́ sí ẹnì kan fún ẹlòmíràn. Ó máa ń so ìgò omi mọ́ ara kẹ̀kẹ́ rẹ̀, nítorí kì í mu omi nílé tí a bá ti ń wádìí. Lọ́jọ́ kan nítòsí Erunmu, ìyá àgbàlagbà kan po ẹ̀kọ tútù fún mi nítorí oòrùn ti pa mí, mo sì mu ún. Ọ̀gá dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá náà. Nígbà tí a dé ojú ọ̀nà, ó fa ìlà sórí gbogbo ohun tí a ti kọ nípa ilé náà, ó ní ẹlòmíràn ni yóò padà wá wò ó, pé ojú mi kò lè rí ilé náà bó ṣe rí mọ́.

Ọdún kan gbáko ni kò fi jẹ́ kí n kọ nǹkan kan sínú ìwé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń dúró sí, tí mo ń wò. Bí a bá ti kúrò nílé kan, á dá kẹ̀kẹ́ dúró ní oríta, á máa bi mí léèrè. Eérú tó wà ní ìdí ààrò, ṣé ti òní ni? Adìyẹ mélòó ni mo rí? Ta ló ni aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn? Bí mo bá dáhùn pé "mo rò pé", á yí kẹ̀kẹ́ padà, a óò sì tún lọ. Kì í bínú, kì í pariwo. Ó kàn máa ń yí kẹ̀kẹ́ padà ni.

Nígbà tó wá gbà mí láyè láti kọ̀wé, mo kọ ọ́ nípa ilé kan pé ọmọ mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Mẹ́ta ni mo rí. Ìyá wọn sọ fún mi pé ẹ̀kẹrin lọ sódò. Ọ̀gá bi mí bóyá mo rí i. Mo ní ìyá rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní kí n fẹsẹ̀ rìn padà, kí n lọ rí ọmọ náà. Ọ̀sán gangan ni. Mo bú u nínú ọkàn mi títí mo fi dé ibẹ̀. Ọmọ kẹrin kò lọ sódò rárá. Ó dùbúlẹ̀ nínú yàrá, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, irun orí rẹ̀ ti pọ́n. Ìtìjú ló mú kí ìyá rẹ̀ gbé e pamọ́. Òun gan-an ló yẹ kó gba káàdì jù nínú gbogbo wọn. Nígbà tí mo dé, tí mo sọ ohun tí mo rí, ọ̀gá kò sọ ju pé, "Ohun tí o kò bá fojú rí, má kọ ọ́." Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. N kò lè sọ pé wọn kò kọ́ mi.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn, nítorí àwọn ará abà kò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni tó bá gbé fáìlì. Wọ́n á ní wolé-wolé ni wá, tàbí pé àwọn tó ń kọ orúkọ fún owó orí ni wá. Bí wọ́n bá ti rí wa lókèèrè, wọ́n á ti ti kẹ̀kẹ́ wọnú igbó. Bàbá kan gbé tirẹ̀ sórí àjà. Bí ó ṣe ń sọ fún wa pé òun kò ní kẹ̀kẹ́ rí láyé òun, adìyẹ kan fò lu aago kẹ̀kẹ́ náà lókè, ó sì dún. Ọ̀gá pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Ó di ọdún kẹta. Ẹsẹ̀ ọ̀gá wú lásìkò òjò, kò lè gun kẹ̀kẹ́ fún bí oṣù kan. Ó ní kí n máa lọ ní èmi nìkan. Òfin ni pé gbogbo ilé tí mo bá kọ pé kò yẹ, òun fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ tún un wò kó tó fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò gbé e, ó sì gbà mí gbọ́. Ohun tí mo bá gbé wá ló ń fọwọ́ sí.

Orí mi wú ní oṣù yẹn. Àwọn ará abà ń pè mí ní Nọ́ọ̀sì, n kò sì sọ fún wọn pé n kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Mo ra bàtà kánfáàsì funfun kan ní Ìbàdàn, mo sì máa ń fi ẹfun pa á kó lè máa funfun.

Abà Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò ju ilé mẹ́jọ lọ. Orúkọ obìnrin kan níbẹ̀ wà nínú ìwé mi, Rábíátù, tó lọ sọ ní ilé oògùn pé ọmọ òun ń gbẹ. Ilé tí wọ́n júwe fún mi ló tóbi jù lábà náà. Páànù ni wọ́n fi bò ó, kẹ̀kẹ́ sì wà lára ògiri. Ẹ̀gbọ́n ọkọ Rábíátù, Bàbá Súlè, jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó kí mi tọ̀yàyà tọ̀yàyà. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo bá wá, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní kò sí ẹni tí ebi ń pa nínú agbo ilé òun, ta ló lọ tú òun fó ní káńsù. Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni mo tó mọ̀ pé ọkọ Rábíátù ti kú lọ́dún tó ṣáájú, pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti gé kòkó tó fi sílẹ̀ nítorí àrùn igi, àti pé oúnjẹ obìnrin náà kò kan ẹnikẹ́ni nínú ilé páànù yẹn.

Bí mo ṣe ń dá fáìlì padà sínú àpò, Rábíátù yọ láti ẹ̀gbẹ́ ilé, ó pọn ọmọ. Obìnrin náà dàgbà jù mí lọ, síbẹ̀ ó kúnlẹ̀ fún mi. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbé. Ẹ wá wo ibi tí mò ń gbé."

Mo wo ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Òjò àárọ̀ ti sọ ọ́ di ẹrẹ̀, àwọn ewúrẹ́ sì ti fẹsẹ̀ po ìgbẹ́ wọn mọ́ ọn. Kò ju ìrìn ogún ìṣísẹ̀ lọ. Mo wo bàtà mi. Mo sì sọ fún un pé, "Mo ti rí i."

Mo gun kẹ̀kẹ́ mi, mo lọ. Lábẹ́ igi kan lójú ọ̀nà ni mo dúró sí, mo kọ ọ́ sínú ìwé pé: páànù, kẹ̀kẹ́, mo wọlé dé ẹ̀yìnkùlé, wọn kò yẹ. Ọ̀gá fọwọ́ sí i lọ́jọ́ kejì.

Kò pé oṣù méjì tí èèyi fi wọ àwọn abà. Ó mú Mùlíkátù, ọmọ Rábíátù, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Èèyi máa ń kọjá lára ọmọ tó ń jẹun kánú, ṣùgbọ́n ara ọmọ yìí ti gbẹ kó tó dé. Ìyá rẹ̀ pọ̀n ọ́n lọ sí ilé oògùn. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ ṣí ìwé, ó rí ohun tí mo kọ, ó ní kó lọ mú owó wá. Ó di ọjọ́ kẹrin kó tó rí owó, ìgbà yẹn ẹyinjú ọmọ náà ti funfun. Wọ́n gbé e dé ọsibítù ní Ìbàdàn. Kò kú, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ méjèèjì fọ́. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ sọ pé ká ní ó ti ń rí òróró ẹja yẹn lá láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni, ó ṣeé ṣe kí ojú náà má fọ́.

Dókítà yẹn kọ̀wé sí káńsù. Káńsù ní kí akọ̀wé ilé oògùn lọ jókòó sílé ná, wọ́n fẹ́ dá a dúró níṣẹ́. Ọ̀gá ṣí ìwé wa síwájú mi, ó bi mí bóyá mo dé ẹ̀yìnkùlé ilé náà. Mo ní mo dé ibẹ̀. Ó tún bi mí. Mo tún sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ó dáa.

Lọ́jọ́ kejì, kò wá sí ọ́fíìsì. Ó wọ ọkọ̀ akẹ́rù dé ibi tí ọkọ̀ lè dé, ó sì fi ọ̀pá tilẹ̀ rìn wọ Abà Ọ̀gẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ló pè mí, tó ní kí n jókòó.

Ó ní, "Wúràọlá, ilẹ̀kùn ibi tí Rábíátù ń gbé, pákó ni tàbí páànù?"

Mo ronú díẹ̀. Mo ní, "Pákó ni, sà."

Ó ní, "Kò ní ilẹ̀kùn. Ẹní ni wọ́n fi bo ẹnu ọ̀nà."

Mo wólẹ̀, mo bú sẹ́kún. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń bẹ̀ ẹ́ fún, nítorí òun ló ń tì mí lójú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. N kò dárúkọ ọmọ náà. N kò béèrè bóyá ara rẹ̀ ti yá. Ohun tí mò ń bẹ̀ ọ̀gá fún ni pé kó má jẹ́ kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ó dìde. Ó lọ bá akọ̀wé àgbà káńsù, ó ní kí wọ́n pe akọ̀wé ilé oògùn padà, pé ohun tí ó rí nínú ìwé ló ṣe. Ó ní òun ni òfin sọ pé kó tún ilé náà wò, òun sì ni kò lọ, tó kàn fọwọ́ sí i. Kò sọ pé mo purọ́. Wọ́n pe akọ̀wé ilé oògùn padà síṣẹ́, wọ́n sì ní kí ọ̀gá máa lọ sinmi nílé.

Káàdì Rábíátù ló kọ gbẹ̀yìn kó tó kó ẹrù rẹ̀. Mo tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà, mo fẹ́ dúpẹ́. Ó ní, "Má dúpẹ́. Kì í ṣe nítorí tìẹ ni mo ṣe é. Èmi ni mo fọwọ́ sí i, mo ti sọ tèmi. Tìẹ ṣì wà nílẹ̀, tí o bá fẹ́ lọ sọ ọ́."

N kò lọ sọ ọ́. Nígbà tí oṣù náà parí, wọ́n fi mí sí ipò rẹ̀. Ìyá mi se ìrẹsì, àwọn ará ilé wá bá mi yọ̀, mo sì bá wọn jẹ ẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ilé tí n kò wọ̀ dé ẹ̀yìn. Mo wọ ilé adìyẹ, mo wọ ìdí ààrò, mo wọ balùwẹ̀. Àwọn ará abà sọ mí ní Ìyá Ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n rò pé orúkọ tó ń wú mi lórí ni, wọ́n sì máa ń fi kí mi láti òkèèrè. N kò lè ní kí wọ́n má pè mí bẹ́ẹ̀, nítorí wọn yóò béèrè ìdí.

Irinṣẹ́ ń yí padà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ojú ni a fi ń mọ ọmọ tó gbẹ, a kò ní ohun mìíràn. Lẹ́yìn tí a gba òmìnira, wọ́n fún wa ní òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn kòkó, a óò so aṣọ mọ́ ìwọ̀ rẹ̀, a óò gbé ọmọ sínú rẹ̀. Àwọn ìyá kò fẹ́ ẹ rárá. Wọ́n ní ṣé a fẹ́ ta ọmọ àwọn ni. Nígbà tó yá, ìwé kan dé tí a fi ń fa ìlà bí ọmọ ṣe ń wúwo sí i lóṣooṣù. Ìlà náà ń gòkè tí nǹkan bá ń lọ dáadáa, ó ń wálẹ̀ tí kò bá lọ dáadáa; ìyá tí kò mọ̀wé rárá á wò ó, á sì yé e. Òfin páànù àti kẹ̀kẹ́ kúrò nílẹ̀. Wọ́n fún wa ní Lándírófà. Inú mi kì í dùn tí mo bá ń fa ìlà yẹn. Mo máa ń ronú pé ká ní ó ti wà tẹ́lẹ̀ ni, lẹ́yìn náà màá rántí pé ọ̀gá kò ní òṣùwọ̀n kankan, kò sì ṣìnà. Àìsí irinṣẹ́ kọ́ ló mú mi dúró sí ojúlé.

Bí mo ti ń wọlé tó yẹn, abà kan wà tí n kì í lọ. Ọmọ iṣẹ́ mi ni mo máa ń rán sí Abà Ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo máa ń wá ohun tí n óò ṣe níbòmíràn lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀, àwọn àgbẹ̀ gbógun ti owó orí. Ẹni tó bá gbé fáìlì káńsù kò lè wọ abà mọ́ láìbẹ̀rù. Wọ́n ní kí a fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí a kàn pín mílíìkì tó kù. Àwọn tó wà lábẹ́ mi ti sá lọ. Ìpín Abà Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, kò sí ẹni tí mo lè rán.

Rábíátù jókòó lábẹ́ igi ọ̀sàn, òun àti ọmọbìnrin kan tó ti ń tó ọmọge, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Ọmọbìnrin náà gbé ojú sókè bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan lókèèrè, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dúró. Ó yára ju ìyá rẹ̀ lọ. Mo gbé mílíìkì kalẹ̀, mo kúnlẹ̀ sínú èèpo ẹ̀gúsí, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, ẹrẹ̀, bàtà, ohun tí mo kọ lábẹ́ igi.

Rábíátù gbọ́ mi tán. Ó ní, "Mo mọ̀. Ṣebí èmi ni mo dúró níwájú yín. Ta ni ẹ ti sọ fún nínú àwọn tí kò mọ̀?"

Mo ní n kò tíì sọ fún ẹnì kankan.

Ó ní, "Àwọn ni kí ẹ lọ sọ fún."

Kò ṣépè, kò sì sọ pé òun ti dárí jì mí. Ó mú ẹ̀gúsí mìíràn. Mo gbọ́ tí Mùlíkátù bi í pé ta ni, ó sì dá a lóhùn pé ará káńsù ni.

Mo padà sí ọ́fíìsì, mo kọ lẹ́tà, ojú ìwé mẹ́ta. Mo sọ ọ́ pé mo purọ́, pé ọ̀gá Olújìdé kò jẹ̀bi. Akọ̀wé àgbà tuntun kà á, ó ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, pé àwọn ohun tó wà níwájú òun pọ̀ ju èyí lọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé mi lọ sí yàrá tí wọ́n ń tọ́jú ìwé sí ní ọsibítù kan, ibẹ̀ ni mo sì wà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọmọ ọmọ mi, iṣẹ́ tí o bi mí léèrè náà dára. Ó dára púpọ̀. Èmi ni n kò dára fún un lọ́jọ́ tó yẹ kí n dára fún un.

Mo mú ẹ̀dà lẹ́tà náà lọ fún ọ̀gá ní Lálúpọn. Ó ti di àgbẹ̀, ó ń gbin ẹ̀gẹ́. Ó nu ọwọ́, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó tún un kà.

Ó ní, "Orúkọ mi wà níbẹ̀. Orúkọ tìẹ náà wà níbẹ̀. Orúkọ ọmọ náà ńkọ́?"

Mo gba ìwé náà, mo wá a. "Ọmọ obìnrin yẹn" ni mo kọ ní gbogbo ibi tí mo ti mẹ́nu kàn án.

Ó ní, "Lọ tún un kọ."

Mo tún un kọ lọ́jọ́ kejì. Orí ìlà àkọ́kọ́ ni mo kọ orúkọ rẹ̀ sí, Mùlíkátù, ọmọ Rábíátù, ti Abà Ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé ọmọ yìí yẹ.